Iná Pupa Méjì

Àdúgbò Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kìíní, 2025.

Ọládayọ̀, ọmọ mi,

Ṣé o wà dáadáa? Òtútù Halifax yín ńkọ́? Níbí, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti bó, eruku sì wà lórí gbogbo nǹkan títí dé inú amù. Fadá tuntun tí wọ́n gbé wá béèrè rẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-ìwòsàn kan ní Kánádà, mo sì sọ ọ́ sókè díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni àpótí tí o gbé sórí tábìlì bàbá rẹ nígbà tí o wálé wá sìnkú rẹ̀. Láti àná ló ti ń ké píì, píì, bí ọmọ adìyẹ tí kò rí ìyá rẹ̀. Nínú iná kéékèèké mẹ́rin tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan ti kú. O sọ fún mi nígbà náà pé Rééèdì ni wọ́n ń pè é. Oògùn ẹ̀fọn ni èmi mọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà kò fi kúrò lórí mi.

O mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohùn tí bàbá rẹ gbà sílẹ̀ ní Ìgbemọ nígbà tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀ ni: àwọn àgbà, orin wọn, orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan oko àti nǹkan ilé, àti ohùn Yèyé, ìyá rẹ̀ tó bí i. O ní kásẹ́ẹ̀tì ti ń jẹrà. O kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí yìí, o sì ní ká kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì dànù, a kó wọn dànù. Ìrántí ọdún kan bàbá rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Àǹtí Àyọ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti ránṣẹ́ láti Ìgbemọ pé ohun kan ṣoṣo tí àwọn ń fẹ́ lọ́jọ́ náà ni kí àwọn gbọ́ ohùn ìyá àwọn. Ojú wọn kò ríran mọ́, fọ́tò kò wúlò fún wọn. Mo ti ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Kọ ohun tí n ó ṣe fún mi. Má pè mí lórí fóònù, torí ohun tí mo bá gbọ́ lórí fóònù kì í pẹ́ kó tó fò lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, ohun tí dókítà bá kọ sílẹ̀ ni mo ń fún aláìsàn, kì í ṣe ohun tó sọ nígbà tó ń kọjá lọ. Bí mo ṣe ń fọwọ́ kọ tèmi yìí, tí mo ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ni kí ìwọ náà máa kọ tìrẹ.

Ìyá rẹ,
Monínúọlá Ayọ̀rìndé.


Halifax,
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kìíní, 2025.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo dé ibi oògùn ẹ̀fọn. Ní ti òtútù ibí, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ẹ bá mi kí Fadá, kí ẹ sì rọra máa fi mí yangàn.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Dísìkì mẹ́rin ló wà nínú àpótí yẹn, wọ́n sì jọ ru ẹrù kan náà ni, bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá gbé aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, àwọn mẹ́ta yòókù á gbé e dúró títí ẹni kẹrin á fi padà. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe rà á. Ohun tó bá wọ ibẹ̀ kò lè sọnù láéláé. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Àǹtí Àyọ̀kẹ́, ẹ ní èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ pa àpótí náà. Ẹ fa dísìkì tí iná rẹ̀ kú síta díẹ̀, kí ẹ tì í padà kó wọlé dáadáa. Ẹ tàn án, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tún padà ní àwọ̀ ewé. Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló kàn dà á láàmú.

Ọmọ yín,
Ọládayọ̀.


Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kejì, 2025.

Ọládayọ̀,

Báwo ni iṣẹ́? Àǹtí Àyọ̀kẹ́ fi ìrẹsì Ìgbemọ ránṣẹ́ sí mi, ìrẹsì tuntun, mo sì ń jẹ tìrẹ náà torí o kò sí ńlé.

Àpótí rẹ kò gbádùn. Mo ṣe ohun tí o kọ, ó gbọ́, inú mi dùn. Kò pẹ́, ó tún ké. Mo tún ṣe é, ó tún gbọ́. Ó tún ké. Ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ibà. Mo fọwọ́ kàn án lánàá, ó gbóná janjan. Ká ní èèyàn ni, ǹ bá ti fi omi tútù nù ún lára. Nísinsìnyí, iná ẹ̀kẹta tó ń kú yẹn kò tilẹ̀ kú mọ́, ó ti di pupa, kò sì yí padà mọ́ bí mo ṣe ń tì í tó.

Kì í ṣe pé n kò tọ́jú rẹ̀ o. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mú aṣọ funfun tí mo fọwọ́ hun, èyí tí mo máa ń fi bo tẹlifíṣọ̀n, mo sì fi bò ó tẹ̀yìn tẹ̀yìn kí eruku má bàa wọ inú rẹ̀. Ó sì bá tábìlì bàbá rẹ mu. Àlejò tó bá wọlé ń béèrè pé kí ló wà lábẹ́ aṣọ, mo ń sọ fún wọn pé ohùn àwọn ará ilé wa ni.

Dákun, tètè dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ.


Halifax,
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejì, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, inú mi kò sì dùn rárá.

Ta ló ní kí ẹ da aṣọ bo àpótí? Ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn ló fi ń mí. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti ń fún un lọ́rùn, ẹ wá ń kọ̀wé sí mi pé ara rẹ̀ gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ máa ń da aṣọ bo aláìsàn nímú ni? Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Iṣẹ́ kún ọwọ́ mi níbí, mi ò lè máa dáhùn ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́.

Ẹ ká aṣọ yẹn kúrò lónìí. Olúṣẹ̀yẹ tó ń ta kọ̀ǹpútà ní àdúgbò yín máa gbé dísìkì tuntun wá tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan àpótí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi dà á rú. Tí ẹ bá ti gbà á, ẹ yọ dísìkì tí iná rẹ̀ pupa, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ fi tuntun sí àyè rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó kù. Ẹ má fi kún ohun tí mo kọ, ẹ má sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Yorùbá tó yé ọmọdé ni, kò nílò àlàyé kankan mọ́.

Ọládayọ̀.


Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Ọládayọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Jọ̀ọ́, má bínú sí ohun tí o fẹ́ kà yìí.

Mo ti ká aṣọ náà kúrò lọ́jọ́ tí o kọ̀wé, mo sì tì í sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, n kò fẹ́ rí i mọ́. Dísìkì tuntun pẹ́ kó tó dé, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Olúṣẹ̀yẹ gbé e wá. Ó ní kí òun bá mi fi sí i. Mo ní rárá, ọmọ mi ní òun kò fẹ́. Ojú tì í, ó lọ.

Mo wẹ ọwọ́, mo gbé lẹ́tà rẹ síwájú, mo sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́. Mo yọ dísìkì kejì, mo fi tuntun sí i. Lẹ́yìn náà gbogbo iná ń ṣẹ́jú, àpótí pariwo, ó sì dákẹ́. Kọ̀ǹpútà bàbá rẹ ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo pa á, mo tún tàn án. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìrántí ti sún mọ́lé. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá rẹ.


Halifax,
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Màámi,

Ẹ̀kẹta ló kú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ sí mi pé ẹ̀kẹta ni. Kí ló mú yín yọ èkejì? Èyí tó kú lẹ fi sílẹ̀, èyí tó ń gbé ẹrù lẹ fà jáde. Mẹ́ta lè gbé e dúró, méjì kò lè gbé e. Ó ti já lulẹ̀.

Ọládayọ̀.


Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹrin, 2025.

Ọládayọ̀,

Ṣé ara rẹ yá? Mo ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, o kò fèsì. Èmi tí n kì í fẹ́ fóònù, mo pè ọ́, o kò gbé e. Mo rí i pé o ka ohun tí mo ń fi ránṣẹ́, torí náà mo mọ̀ pé o wà láyé, mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Àwọn ará Ìgbemọ ti háyà ọkọ̀ tó máa gbé wọn wá. Àǹtí Àyọ̀kẹ́ ní kí n fún àwọn ní àga tó sún mọ́ àpótí náà jù. Sọ ohun tí n ó sọ fún wọn. Ohun tí o bá kọ ni n ó sọ.

Ìyá rẹ.


Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin, 2025.

Ọládayọ̀,

A ti ṣe ìrántí bàbá rẹ ní Sátidé. Mísà lọ dáadáa, Fadá sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, òjò kò sì rọ̀.

Nígbà tí a dé ilé, àwọn ará Ìgbemọ jókòó sí pálọ̀. Mo mú Àǹtí Àyọ̀kẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì bàbá rẹ bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n fọwọ́ wá àpótí náà kàn, wọ́n sì gbé etí sí i. N kò lè jẹ́ kí wọ́n máa gbé etí sí ohun tó ti kú. Mo dìde, mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo bà á jẹ́. Ọládayọ̀ kọ ohun tí n ó ṣe fún mi, n kò sì ṣe é bó ṣe kọ ọ́."

Àǹtí Àyọ̀kẹ́ kò bínú. Wọn ì bá bínú, ì bá sàn. Wọ́n kàn bi mí pé: "Ṣé ohùn Yèyé kò sí n'ulé yìí mọ́?" Mo ní kò sí mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn wá ọkọ̀ tó ń padà lọ. Wọn kò jẹun. Obìnrin kan láti Ìgbemọ ń sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ìyàwó ni mí, wọn ì bá má fi nǹkan ìyá wọn sọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ọ. Ojú tì mí débi pé n kò lè sin wọ́n dé ojú títì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀, kì í ṣe àwáwí. N kò fi ìwàǹwára ṣe é. Láàárín ìgbà tí a fi ń dúró de tuntun, iná èkejì náà ti yí padà. Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú àpótí, iná pupa méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Ìkejì pupa bí epo, ó ń ṣẹ́jú ṣáá. Mo ro ó bí nọ́ọ̀sì pé èyí tó ń gbọ̀n ni ara rẹ̀ kò yá, mo sì yọ ọ́. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Máa jẹun. Ìbínú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣe oúnjẹ.

Ìyá rẹ.


Halifax,
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Màámi mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ bá ń ka ìwé yìí, ẹ rò ó pé ilẹ̀ ni mo wà, kí ẹ má sì tíì ní kí n dìde.

Mo ka lẹ́tà yín dé ibi ẹ̀jẹ̀ àti epo, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Màámi, iná tó pupa bí epo yẹn kò túmọ̀ sí pé dísìkì kú. Ó ń kìlọ̀ pé ó ń ṣàìsàn ni, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé ẹrù rẹ̀. Níbi tí mo wà yìí, orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pe àwọ̀ yẹn. Nígbà tí mo kọ "pupa" sí yín, orí mi ti yà á sọ́tọ̀, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Epo pupa ni, ẹ̀jẹ̀ náà pupa ni, mo sì mọ èyí kí n tó mọ̀wé kà. Mo ní Yorùbá tó yé ọmọdé ni. Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ni kò yé. Ohun tí mo kọ lẹ ṣe.

Ìyẹn nìkan kọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún àwọn dókítà ibí pé kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé àpótí kan, bó ti wù kí dísìkì rẹ̀ pọ̀ tó, kí wọ́n ní ẹ̀dà mìíràn níbòmíràn. Ti ilé wa, mi ò ṣe ẹ̀dà kankan. Mo ti fi gbogbo ẹnu sọ pé kò lè sọnù, mo sì ní kí ẹ kó kásẹ́ẹ̀tì dànù. Kì í ṣe iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n gbé fóònù yín. Ojú ló ń tì mí. Mo jókòó síbí, mo ń wo orúkọ yín lójú fóònù tó ń dún, ẹ̀yin sì dìde láàárín ará Ìgbemọ, ẹ gba ẹ̀bi mi rù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí sétí Àǹtí Àyọ̀kẹ́, kí obìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn náà gbọ́ ọ.

Mo ní ìbéèrè kan, ẹ̀rù sì ń bà mí láti bi yín. Dísìkì tí ẹ yọ, mo ní kí ẹ sọ ọ́ nù. Ṣé ẹ sọ ọ́ nù? Bó bá ṣì wà, tí Olúṣẹ̀yẹ bá dá a padà sí àyè rẹ̀, ó lè jí fún ìgbà díẹ̀. Mo ti bẹ Olúṣẹ̀yẹ. Mo ti sọ ohun tó máa ṣe fún un, mo sì jẹ́ kó bi mí ní gbogbo ohun tí kò yé e.

Ọmọ yín tí kò gbọ́n,
Ọládayọ̀.


Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Ọládayọ̀, ọmọ mi,

Dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

N kò sọ ọ́ nù. Ohun kan ṣoṣo tí o kọ tí n kò ṣe nìyẹn, mo sì fi pa mọ́ fún ọ torí mo rò pé wàá tún bínú. Mo dé ibi ààtàn, ó wà lọ́wọ́ mi, mo ro ohùn bàbá rẹ tó wà nínú rẹ̀, mo sì padà sílé. Mo wé e sínú fìlà bàbá rẹ, mo sì tọ́jú rẹ̀.

Olúṣẹ̀yẹ wá. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ fún bí mo ṣe dá a padà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́sí. Ó dá dísìkì náà padà, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, àpótí gbọ̀n, ó jí. Olúṣẹ̀yẹ sáré ń kó ohun tó rí nínú rẹ̀ síta. Kò tíì kó o jìnnà tí dísìkì náà fi kú, kò sì jí mọ́. Orin àwọn àgbà ti lọ, orúkọ àwọn nǹkan oko ti lọ. Fún ti Yèyé, ẹyọ kan ló yọ. Olúṣẹ̀yẹ ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi mẹ́ta, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Fadá.

Mo gbé e lọ sí Ìgbemọ fúnra mi. Mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà rẹ fún wọn, obìnrin ẹnu ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Mo fo ibi tí o ti ní o kò gbọ́n. Lẹ́yìn náà mo tan ohùn Yèyé. Àǹtí Àyọ̀kẹ́ mú ọwọ́ mi, wọn kò jù ú sílẹ̀ títí ó fi parí, wọ́n sì ní kí n tún un tàn. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìwọ wà nínú rẹ̀. O lè má rántí, o kéré. Bàbá rẹ ń bi Yèyé ní orúkọ nǹkan ilé, wọ́n sì dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n ní: "Dayọ̀, bá mi mú ugbá pupa yẹn wá." Ohùn rẹ wá jáde, ó rí tín-ín-rín: "Èwo nínú rẹ̀, Yèyé? Méjì ló wà níbẹ̀." Wọ́n ní: "Èyí tó jọ epo, ọkọ mi." A wá ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ bí o ṣe ń sáré lọ.

Ní ọjọ́ tí mo dúró níwájú iná pupa méjì, èmi náà fẹ́ bi ọ́ pé èwo nínú rẹ̀. Mo ti gbé fóònù lọ́wọ́. Mo wá rántí ohun tí o kọ nípa aṣọ, àti pé o ní kò nílò àlàyé kankan mọ́. Ojú tì mí, mo gbé e sílẹ̀.

N kò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún bi ọ́ ní nǹkan, Ọládayọ̀, dá mi lóhùn bí Yèyé ṣe dá ọ lóhùn.

Ìyá rẹ,
Monínúọlá.